Ọgbà Tí Kò Ní Géètì: Òdòdó Wà N'Ìkìrun, N'Ínísà àti L'Ókukù, Ṣùgbọ́n Ta Ló Ń Ṣọ́ Ọ?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé l'Ékòó ló bí mi nínú. Ọkùnrin náà lọ sí London, wọ́n mú un lọ wo ọgbà ewéko ńlá tí wọ́n ń pè ní Kew. Ó sanwó lẹ́nu géètì, ó wọlé, ó wo òdòdó títí ọrùn fi ń dùn ún, ó ya fọ́tò títí iná fóònù rẹ̀ fi tán. Nígbà tó padà dé, ẹnu rẹ̀ kò sinmi mọ́. "Àwa kò mọ òdòdó ní tiwa," ló ń wí káàkiri. "Iṣu la mọ̀ ọ́n gbìn. Kò sí ọgbà kankan ní gbogbo ìlú wa."

Mo bi í pé, "Ìgbà wo lo gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà kẹ́yìn?" Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. Kò rántí. Bó bá tiẹ̀ gbà á, oorun ló máa ń sùn nínú mọ́tò.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n jókòó. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba ọ̀nà náà: nígbà òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, àti nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń wọlé bọ̀. Ìlú mẹ́ta ni mo fojú sí: Ìkìrun tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Ìnísà, àti Òkukù tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé a kò ní ọgbà. Ohun tí mo rí rèé: a ní in. Kò ní géètì, kò sì sẹ́ni tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ mọ́.

ÌKÌRUN: IGI RU INÁ

Oṣù Kẹrin ni mo kọ́kọ́ lọ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta péré, eruku ṣì ń bá títì ṣọ̀rẹ́. Bí mọ́tò wa ṣe ń sún mọ́ Ìkìrun, tí àwọn òkè tó wà lágbègbè ìlú náà ń yọjú, ni obìnrin tó jókòó tì mí pariwo pé, "Ẹ wo pánṣẹ́kẹ́!" Gbogbo wa yíjú. Igi náà pupa láti òkè dé ẹ̀ka ìsàlẹ̀, àfi bí ẹni pé ó ru iná. Dírẹ́bà pàápàá dẹsẹ̀ lórí ìrìn.

Ẹni tó bá rí pánṣẹ́kẹ́ nínú oṣù Kìn-ín-ní kò ní í gbà pé igi kan náà ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ á gbọ̀n dànù, á wá ku èso gígùn dúdú tó rí bí àdá. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lókè. Gbogbo àwa tá a lọ sílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lágbègbè yìí la mọ̀ ọ́n: òun ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wa, òun náà sì ni idà tá a fi ń ja ogun nígbà tí tíṣà ò bá sí nítòsí. Ṣùgbọ́n tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kan ilẹ̀, òdòdó á bẹ́ jáde. Láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹfà ni ìgbà ẹ̀ṣọ́ rẹ̀.

Igi àjèjì ni o. Erékùṣù Madagascar, tó wà nínú òkun níhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà, ni ilé rẹ̀ gan-an. Ọ̀nà tí irú àwọn igi báyìí gbà wọlé kò ṣòroó mọ̀. Ọdún 1887 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ọgbà ewéko sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta l'Ékòó. Ọdún 1899 ni Moor Plantation bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn. Iṣẹ́ irú ibẹ̀ ni kí wọ́n máa gbin ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ òkèèrè wò, kí wọ́n sì pín irúgbìn fáwọn èèyàn. Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó sì ti gba ẹkùn Ìkìrun àti Òkukù kọjá dé Ìlọrin ní 1908. Ibi tí iṣẹ́ ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé bá sì dé, igi àti òdòdó á tẹ̀ lé wọn. Bí ẹ bá rí pánṣẹ́kẹ́ àgbà níbì kan lágbègbè wa, ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé-ìwé ni, tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kóòtù, tàbí tésàn rélùwéè.

Mo rìn wọ àárín ìlú. Lórí fẹ́ǹsì àwọn tó rí jájẹ, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní bougainvillea ló dà bò ó, òmíràn pupa rúsúrúsú, òmíràn funfun. Orúkọ awakọ̀ òkun ará Faransé kan ni wọ́n fi pè é, nítorí àwọn tó bá a rìnrìn àjò ló rí i ní Brazil ní 1767. Àṣírí òdòdó yìí nìyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in nílé: ohun tó ń pupa yẹn kì í ṣe òdòdó, ewé ni. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni kékeré tó dúró láàárín. Ẹ má sì máa dà omi lé e lórí jù. Bí omi bá pọ̀, ewé tútù ni yóò máa yọ. Ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ díẹ̀ ló máa ń ṣe ẹ̀ṣọ́. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dára jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ mi jù kò sí lórí fẹ́ǹsì olówó kankan. Ẹ̀gbẹ́ ilé alámọ̀ kan ló wà, nídìí àdògán ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀kọ. Tannápọsọ́ ni. Òdòdó yìí kì í là lọ́sàn-án; ó di ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí aago mẹ́rin, kó tó ṣí ojú, òórùn dídùn rẹ̀ á sì gba àyíká kan títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Mo kúnlẹ̀ kí ìyá náà. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Òdòdó yín dára o. Ta ló gbìn ín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó gbìn ín, ọmọ mi. Ìyá ọkọ mi ló bá a níbẹ̀, èmi náà bá a níbẹ̀. Èmi kàn ń gbálẹ̀ ìdí ẹ̀ ni."

"Ẹ ò ṣe hú u, kẹ́ ẹ rí àyè gbé ẹrù yín sí?"

"Hú kí ni? Aago mi nìyẹn! Tó bá ti là báyìí, mo mọ̀ pé ó tó kí n gbé omi ẹ̀kọ kaná."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Èèyàn tó sanwó kó tó wo òdòdó ní London kò ní èyí tó ń sọ aago fún un.

ÌNÍSÀ: ÈÈWỌ̀ NI GÉÈTÌ WỌN

Oṣù Kẹjọ ni mo padà lọ, mo sì kọjá Ìkìrun, ó di Ìnísà. Gbogbo nǹkan ti yí padà. Pánṣẹ́kẹ́ tó ru iná ní oṣù Kẹrin ti di igi tútù lásán. Ìyeyè ló kù tó ń jẹ ọba. Ẹsẹ̀ kò ráyè tẹ̀ lábẹ́ igi náà, èso róndóróndó tó pọ́n bí ìyeyè, àfi ìyeyè náà, ló tẹ́ sílẹ̀, òórùn rẹ̀ kan yín nímú kẹ́ ẹ tó rí i. Àwọn ọmọdé ń ṣà á sínú ike, àwọn ewúrẹ́ ń bá wọn du ú.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kò sẹ́ni tó gbin ìyeyè fún ẹwà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kì í gbin nǹkan fún ìdí kan ṣoṣo. Igi odán wà lójà àti lójúde ààfin nítorí òjìji. Akòko wà nítorí oyè: ọba tàbí ìjòyè tí wọn kò fi ewé akòko sí lórí, oyè náà kò ì tíì jẹ́ ẹ. Pèrègún ń fi ààlà hàn, ó sì ń fi ojúbọ hàn, nítorí kò sí ẹ̀ẹ̀rùn tó lè mú kó wọ́wé. Ìyeyè ń jẹ́ oògùn, ó ń jẹ́ èso, ó tún ń jẹ́ ọgbà, torí igi rẹ̀ tẹ́ ẹ bá rì mọ́lẹ̀ nígbà òjò á hù. Ẹ kó gbogbo wọn jọ, ẹ sọ fún mi, kí ló tún ń jẹ́ ọgbà ìlú?

Ta ló wá ń ṣọ́ ọgbà náà láyé àtijọ́? Ẹ lọ bi odò Ọ̀tìn. Odò yìí ni wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn lórúkọ, òrìṣà sì ni fún àwọn ará Ìnísà àti Òkukù. Ìtàn sọ pé obìnrin akọni tó wá láti Ọ̀tan ni, ó gbèjà Ìnísà lójú ogun, kó tó di odò. Ibi tí irú odò báyìí bá ti jẹ́ ti òrìṣà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú àdá lọ sí bèbè rẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí fẹ́ǹsì. Èèwọ̀ ni géètì wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí èèwọ̀ lè ṣe, kó ya igbó Ọ̀sun l'Óṣogbo, tí kò jìnnà síbẹ̀. Hẹ́kítà 75 ni, irú ewéko inú rẹ̀ sì lé ní 400, èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn sì ń jẹ́ oògùn. Nígbà tí èèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, tí àwọn kan fẹ́ máa gé gẹdú ibẹ̀, tí àwọn mìíràn fẹ́ dáko sí i, Susanne Wenger, ará Austria tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn ará ìlú tó tì í lẹ́yìn, dìde dúró. Ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Àdùnní kú ní 2009, igbó náà kò kú. Èèwọ̀ rẹ̀, òfin wá rọ́pò rẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ mi gan-an nìyí. N'Ínísà, n'Ìkìrun, l'Ókukù, àti ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlú wa mìíràn, èèwọ̀ ti lọ, òfin kò sì tíì dé. Àárín méjèèjì yẹn ni ẹ̀rọ agégi ti rí àyè.

Mo rí i fúnra mi. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà tí mo mọ̀ láti kékeré, mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. Pánṣẹ́kẹ́ ńlá kan wà lójúde rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń ṣeré, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ìyá olóúnjẹ ń gbé àtẹ sí, abẹ́ rẹ̀ ni òbí ń dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gba èsì ìdánwò. Mo débẹ̀ ní oṣù Kẹjọ yẹn, kùkùté ni mo bá. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù náà kò sì kọjá fáúńdéṣọ̀n, koríko ti hù sínú rẹ̀. Ìyá olóúnjẹ kan jókòó sórí kùkùté náà, ó ta agbòjò aláwọ̀ mèremère sókè orí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú oòrùn mà."

Ó ní, "Oòrùn nìkan kọ́ o. Tí òjò bá dé, mo máa ń sáré ni. Igi yẹn ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀."

Ẹ ò rí i? Wọ́n gé igi kan, wọ́n ní ilẹ̀ ni àwọ́n gbà. Ṣọ́ọ̀bù kò sí, òjìji kò sí. Àwọn àgbà ní bí a bá gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Àwa kò tiẹ̀ ro ọ̀ràn kankan wò kí a tó gé tiwa nígboro.

ÒKUKÙ: ÌLÚ TÓ PADÀ SÍDÌÍ IGI RẸ̀

Oṣù Kọkànlá ni ìrìn àjò kẹta, mo sì gba Ìnísà kọjá lọ sí Òkukù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé yín, oṣù yẹn ni kẹ́ ẹ mú. Òdòdó yẹ́lò tí àwọn kan ń pè ní jogbo, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn mọ̀ sí sunflower, ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ga ju èèyàn lọ, ó sì nípọn débi pé ẹ̀ ò rí ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti Mexico ni òun náà ti wá. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n ń fi àdá lé e bí ọ̀tá. Àgbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ń gé ewé rẹ̀ tútù, ó ń rì í mọ́lẹ̀ nínú ebè, nítorí ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Ẹwà lójú, oúnjẹ fún ilẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Igbó kìjikìji ti ń di ẹyìn, ọ̀dàn ti ń sún mọ́lé. Ẹ óò máa rí igi irú níhìn-ín lọ́hùn-ún, èyí tí òdòdó rẹ̀ máa ń rọ̀ bí bọ́ọ̀lù pupa kéékèèké nígbà ọyẹ́.

Oṣù Kọkànlá yìí ní ìtàn l'Ókukù. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà, ọdún 1878, ni ogun Jálumi bẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkìrun, tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Àwọn tó ń sá lọ já lu odò Ọ̀tìn, ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ. Kó tó di ìgbà náà, ogun ti lé àwọn ará Òkukù kúrò nílé, Ìkìrun ni wọ́n sá sí. Ẹ̀yìn Jálumi ni wọ́n tó padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó.

Mo ń ro ó bí mo ṣe ń rìn nígboro. Ilé amọ̀ tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀, òjò á wó o. Igbó á bo ojúde. Kí ló máa ń kù nínú ahoro tí èèyàn á fi mọ̀ pé ìlú ni ibí tẹ́lẹ̀? Igi tí èèyàn gbìn ni. Akòko ò kàn ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fúnra rẹ̀ nínú igbó. Pèrègún kì í ṣàdédé yí ojúbọ ká. Ẹni tó bá mọ igi, ó mọ ilé baba rẹ̀. Igi tí a ń gé báyìí nítorí ṣọ́ọ̀bù, ìwé ilẹ̀ wa ni.

Nítòsí ọjà, mo bá bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá akòko ṣe ọgbà yí ilé ká. Gbogbo ọ̀pá náà ló ti hu ewé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ bá mi gé ọ̀kan, kí n lọ gbìn ín."

Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ibo lo fẹ́ gbìn ín sí?"

Mo ròyìn kùkùté ilé-ìwé n'Ínísà fún wọn. Wọ́n mi orí.

"Má gbìn ín báyìí. Ọyẹ́ á pa á, wàá wá máa sọ pé akòko mi kò dáa. Padà wá nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Òjìji ọmọ ilé-ìwé lo sì ń wá, pánṣẹ́kẹ́ ni kó o fi rọ́pò pánṣẹ́kẹ́. Ṣé o ní kóró ẹ̀?"

Mo kàn kọ́wọ́ bọ àpò ìfàlọ́wọ́ mi ni o! Èso pánṣẹ́kẹ́ tí mo ṣà n'Ìkìrun ní oṣù Kẹrin ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá fọ́ ọ, wọ́n ka kóró inú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n má kàn rì í mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, èèpo rẹ̀ le bí òkúta. Kí n bu omi gbígbóná lé e lórí, kí n jẹ́ kó sùn nínú omi náà di ọjọ́ kejì, kí n tó gbìn ín.

ÒDÒDÓ ÀLEJÒ PÀTÀKÌ

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i. Gbogbo wa la mọ irú òdòdó kan tí kò ní ìgbà nínú ọdún. Ìgbà tirẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ tí èèyàn ńlá bá fẹ́ wá sílùú. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ni wọ́n máa ń kó o dé nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, wọ́n á rì í sí ẹ̀bá títì, wọ́n á fi ọ̀dà funfun kun òkúta ìdí rẹ̀. Àlejò á dé, fọ́tò á jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, òdòdó ti kú, òkúta funfun ló kù bí sàréè. Owó wà fún gbígbìn, owó kò sí fún ẹni tó máa bomi rin ín.

Ọgbà kì í ṣe ohun gbígbìn nìkan, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ẹ wo Agodi n'Íbàdàn. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1967. Omíyalé Ògùnpa ti 1980 bà á jẹ́, ó sì pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò. Nígbà tí àtúnṣe wọ̀ ọ́, tí wọ́n ṣí i padà ní 2014, àwọn èèyàn ń sanwó wọlé. Ọgbà tó bá ní alábòójútó lè jíǹde.

Nítorí náà, ẹ̀yin káńsù Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò tóbi. Ẹ ṣòfin pé ẹni tó bá gé igi kan nígboro gbọ́dọ̀ gbin méjì, kó sì tọ́jú wọn títí wọn yóò fi dàgbà. Ẹ gba ẹnì kan sí iṣẹ́ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé omi ni iṣẹ́ rẹ̀ láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní igi tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìlú tẹ́ ẹ ń wálé ọdún láti Èkó àti Àbújá, ẹ mú kóró kan dání pẹ̀lú aṣọ ẹbí.

Ní tèmi, mo ṣe bí bàbá ti wí. Kóró mẹ́jọ ni mo bu omi gbígbóná lé lórí, mo gbìn wọ́n sínú náílọ́ọ̀nù omi, mo tò wọ́n sí ẹ̀yìn ilé. Márùn-ún kò hù. Mẹ́ta hù, ọ̀kan nínú wọn ti tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ọ̀gá ilé-ìwé yẹn ti gbà pé kí n gbé wọn wá tí òjò bá ti dúró dáadáa. Ó lè gba ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó tanná. Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì kìn-ín-ní lónìí á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde.

Ọ̀rẹ́ mi tó lọ sí Kew rí àwọn náílọ́ọ̀nù náà nígbà tó yà mí nílé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò wọ́n títí. Kò sọ nǹkan kan nípa London. Ó kàn bi mí pé, "Ta ló máa bomi rin ín tó o bá gbé e débẹ̀?"

Mo ní ìyá olóúnjẹ ti sọ pé òun ni. Omi tó bá fi fọ àwo tán, kò ní í dà á sí gọ́tà mọ́.